Ọwọ́ Tí Ń Fà, Ọwọ́ Tí Ń Tì

Ọnàwùmí gbẹ́nàgbẹ́nà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí òun lẹ́yìn bí òun bá ń ṣiṣẹ́. Yóò sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, yóò yíjú padà, yóò sì wo ẹni náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìlú tó wà ní ẹ̀bá odò Aràn, ẹni tó bá kọ́lé tí kò tíì gbé ilẹ̀kùn Ọnàwùmí sí i, wọn a ní kò tíì kọ́lé tán.

O kò ní láti béèrè ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo ènìyàn tó wà lára rẹ̀ máa ń ní: ẹyinjú roboto, imú gígún, ètè tó pàdé mọ́ra jẹ́jẹ́ bí ti ẹni tó jẹun yó tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Ìyàwó tí ń lọ sílé ọkọ, ojú yìí ni. Ọdẹ tí ẹkùn ti gbá lẹ́sẹ̀ mú, ojú yìí náà ni. Ẹrú tí wọ́n dè lọ́wọ́ sẹ́yìn, òun pẹ̀lú ń wò bí ẹni tó jẹun yó. Fìlà, ọrun, okùn tàbí ẹrù orí ni èèyàn fi ń mọ ẹni tí ẹnì kan jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé wọn nìyẹn. Àfọ́kù igbá kan wà nínú àpò irinṣẹ́ Ọnàwùmí, èyí tí bàbá ńlá rẹ̀ gé bí ojú ènìyàn, tó sì lu ihò ojú àti ti ẹnu sí i. Yóò gbé e lé igi, yóò fi èédú yí i ká, yóò sì gbẹ́ gbogbo ojú tó máa wà lára ilẹ̀kùn náà tán pátápátá kó tó ronú kan ara, kó tó mọ ẹni tó ni ojú wo. "Ojú ère kì í sunkún," ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún un nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. "Ẹni tó bá gbẹ́ ẹkún sójú igi, ó ti ba igi jẹ́." Ọnàwùmí gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bó ṣe gbà gbọ́ pé iná ń jó ni.

Ọdún kan wá dé tí òjò rọ̀ títí odò Aràn fi gun òkè wá bá àwọn ènìyàn nílé. Adérógbà, àkọ́bí Baálẹ̀ ìlú Ìdó-Aràn, fẹ́ sọdá lọ wa iṣu rẹ̀ kí omi tó gbà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọdẹ́gbàmí ló ń tukọ̀ ní èbúté ìlú náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wẹ̀ níhòòhò létí odò ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ọdẹ́gbàmí ní kí wọ́n ní sùúrù, Adérógbà ní iṣu kì í ní sùúrù lábẹ́ omi. Wọ́n wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ìtì igi kan tí àgbàrá ń gbé bọ̀ lu ọkọ̀ náà, ọkọ̀ sì dojú dé.

Àwọn tó wà ní èbúté rí orí méjì lókèèrè. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí orí kan. Lẹ́yìn náà, wọn ò rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe omi pípọ́n. Ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún ni wọ́n ti lọ bá Ọdẹ́gbàmí níbi tó ti rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, ìdajì òkú, ìdajì alààyè. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ohun tó sọ kò pọ̀: "Mo di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. Omi ló gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn débi tí ó lè jẹ́rìí. Síbẹ̀, Baálẹ̀ gbà á gbọ́. Àyọ̀ká, ìyá Adérógbà, gbà á gbọ́ pẹ̀lú, ó sì ń pe Ọdẹ́gbàmí ní "èyí tó kù fún mi". Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Ọnàwùmí.

"Ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà àgbàlá mi ni mo fẹ́ kí o gbẹ́," ni Baálẹ̀ wí. "Gbẹ́ ọmọ mi sí i nínú omi, kí o sì gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dì í mú. Mo fẹ́ kí àlejò tí kò mọ̀ wá rí kó rí i, kó mọ̀ pé ọmọ mi kò dá nìkan kú."

Ọnàwùmí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìtì ìrókò kan tí ó ti gbẹ dáadáa. Ó ti gbẹ́ ojú méjèèjì tán, ó ti gbé ọwọ́ Ọdẹ́gbàmí lé èjìká Adérógbà, ìgbì omi ló kù, ni Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ yọjú sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Yà kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi."

Ọdẹ́gbàmí yà. Ó tẹ̀ ba, ó wo igi náà pẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Àmọ́ ojú mi ò rí báyìí lọ́jọ́ náà."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgà. Mo ń kígbe orúkọ ẹ̀. Omi ń wọ̀ mí lẹ́nu, mo ń tu ú dànù, mo tún ń kígbe. Mo sunkún, bàbá. Nínú omi yẹn náà, mo mọ̀ pé mò ń sunkún."

Ọnàwùmí rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n wá gbẹ́ ọ bí ọmọ tí wọ́n já àkàrà gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Oore ni mò ń ṣe ọ́, ìwọ ni ò mọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ máa dúró níwájú ilẹ̀kùn yìí, á rí ọkùnrin. Lọ tukọ̀ rẹ, jàre."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ ṣá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń fà á ni."

"Ọwọ́ rẹ kọ́ nìyẹn léjìká ẹ̀? Àfi afọ́jú ni ò ní mọ̀."

Ọdẹ́gbàmí dìde, ó sì lọ. Nígbà tó lọ tán, Ọnàwùmí gbẹ́ ilà àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ojú igi náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ojú Ọdẹ́gbàmí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún ẹlòmíràn. Nǹkan tó bá ṣeé wọ̀n, Ọnàwùmí kì í ṣì í.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà dúró, gbogbo ìlú ló tú jáde. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, wọ́n ń ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Eṣinṣin bà lé e, á yọ̀ ṣubú." Ẹni kankan nínú wọn kò ṣi ohun tó wà níbẹ̀ túmọ̀, nítorí pé ẹni kankan nínú wọn kò wò ó láti fi mọ ìtàn náà. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà kì í mọ̀ bí iṣẹ́ òun bá lè sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bá dé.

Wọ́n dé lọ́jọ́ ọjà. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò láti òkè odò ni, tí wọ́n ń bọ̀ wá tajà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí omi ti fà. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́bàá àgbàlá Baálẹ̀ láti sinmi. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè.

"Ẹ wá wo ọ̀dájú!" ló kígbe. "Ó ń tẹ ọmọ ọlọ́mọ rì sómi, ojú ẹ̀ tutù bí ẹni tó ń fọṣọ!"

"Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín," ni èkejì wí.

"Ìlú wo lèyí tí wọ́n ń gbẹ́ apààyàn sẹ́nu ọ̀nà? Ẹ jẹ́ ká tètè tajà wa ká máa lọ o. Àwọn ará ibí ò ní pẹ́ gbẹ́ olè náà sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ìkòkò wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté láti sọdá lọ tajà lódìkejì odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Ọdẹ́gbàmí tó di àjẹ̀ ìtukọ̀ mú, tó ń kí wọn káàbọ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n wo àbàjà rẹ̀, wọ́n wo ara wọn. "A ò lọ mọ́," ni àgbà inú wọn wí, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A ò lọ mọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé e dé òkè odò pé Arinisómi ló ń tukọ̀ ní Ìdó-Aràn. Ẹni tó ti rin ọ̀nà jìn mọ̀ pé orúkọ burúkú kì í dúró de ẹsẹ̀. Á ti bá wọn jẹun nílùú tí olórúkọ kò tíì dé. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ ń fi ṣàwàdà. Wọn a ní, "Arinisómi, o ò ní rì wá lónìí o!" Nígbà tó yá, àwàdà dẹ́kun, wọ́n sì ń gba ibòmíràn tí odò ti fà sọdá. Ìlú a máa fi nǹkan ṣeré títí nǹkan náà yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọnàwùmí gbọ́, kò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ní àwọn ará oko ni kò mọ ọnà wò. Nígbà tí Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó wẹ̀, ó wọ agbádá, ó rò pé ilẹ̀kùn mìíràn ni.

Àyọ̀ká ló bá níwájú ilẹ̀kùn náà, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ ẹní, tó kọjú sí ojú igi méjèèjì.

"Ọnàwùmí," ló wí, "kí lo mọ̀ tí èmi ò mọ̀?"

"Nípa kí ni, ìyá?"

"Ìwọ lo gbẹ́ ẹ. Ẹnì kan ti ní láti sọ nǹkan fún ọ. Mo máa ń kọjá níbí láàárọ̀, mo máa ń kọjá lálẹ́, ọmọkùnrin yìí kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín kí ló ń rín sí ọmọ mi?"

Ọnàwùmí nawọ́ sí igi náà. "Kì í ṣe ẹ̀rín, ìyá. Ojú ère ni. Bí a ṣe ń gbẹ́ gbogbo wọn nìyẹn. Ó ń fà á ni. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀."

"Mo ti wo ọwọ́ náà títí ojú ń ro mí. Bó bá ń tì í, ibo ni ìbá gbé e sí?"

Ọnàwùmí wo ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Ó wò ó bí ẹni tí ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Lóòótọ́, ibẹ̀ náà ni ìbá gbé e sí. Èjìká náà ni, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà ni.

Baálẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò gbé ohùn sókè. "Ọpẹ́ ni mo ní kí o bá mi gbẹ́, Ọnàwùmí. Ẹ̀sùn lo gbẹ́ kọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ti ń bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lánàá, n kò tètè dá a lóhùn." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ náà ń kó ẹrù rẹ̀ létí odò. Ó ní òun ń lọ."

Ọ̀nà tó já sí èbúté kò jìn, ṣùgbọ́n lójú Ọnàwùmí lọ́jọ́ náà, ó gùn ju gbogbo ọ̀nà tó ti rìn rí lọ. Àwọn ènìyàn ń kí i, "Ọnàwùmí, ọlọ́wọ́ iṣẹ́!" Oríkì tó máa ń gbà bí ẹní gba obì, ńṣe ló ń gún un lára bí ẹ̀gún. Òótọ́ ti wá bá a nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, òun sì lé e pé kó yà kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ òun.

Ọdẹ́gbàmí ti fẹ́ di ẹrù rẹ̀ tán sínú ọkọ̀. Ọnàwùmí dé ibẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, òun àgbàlagbà, níwájú ọmọ tó lè bí.

"Ẹ dìde, bàbá," ni Ọdẹ́gbàmí wí, ó sì yíjú kúrò. "Kí àgbà máa dọ̀bálẹ̀ fún mi, ìyẹn nìkan ni wọn ò tíì kà sí mi lọ́rùn."

"Dúró kí n tún un gbẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ gbẹ́? Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ ní bí ọmọ tí wọ́n já àkàrà gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọnàwùmí gbé ojú mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Etí ni mo fi gbọ́ ọ, kò dé ọwọ́ mi. Mi ò mọ bó ṣe rí, mo wá gbẹ́ ohun tí mo mọ̀. Fi hàn mí, Ọdẹ́gbàmí. Dì mí mú bí o ṣe dì í mú."

Ọdẹ́gbàmí sọ okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó sì wọ́ ọ wọnú odò. Omi dé eékún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Ọnàwùmí kò mọ omi í wẹ̀. Agbádá rẹ̀ mu omi, ó wúwo, ó ń fà á sísàlẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò rí i. Omi wọ imú rẹ̀. Ọwọ́ méjì sì gbá a léjìká mú, wọ́n le bí irin.

Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń fa òun sókè ni, kò mọ̀ bóyá wọ́n ń tẹ òun rì ni. Èjìká rẹ̀ kò lè sọ fún un. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ti ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́, àti pé bó bá jẹ́ òun ni, òun ìbá ti tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ó gbé orí sókè, ó wá ojú Ọdẹ́gbàmí.

Ojú náà ti fọ́ wẹ́wẹ́. Iwájú orí ti rún jọ, ihò imú ti fẹ̀, iṣan ọrùn ti yọ bí ìtàkùn. Ẹnu là gbàgà, ètè ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn kan sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Kì í ṣe orúkọ Ọnàwùmí ló ń pè. "Adérógbà! Adérógbà o! Má fi mí sílẹ̀!" Omijé àti omi odò ń ṣàn pọ̀ nínú ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun tí Adérógbà rí kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ọnàwùmí rí i, ìbẹ̀rù sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ti mọ̀ pé òun kò ní kú.

Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọdẹ́gbàmí yíjú sí i.

"Bàbá, ṣé ọwọ́ mi ló sọ fún yín pé mi ò ní pa yín?"

"Rárá," ni Ọnàwùmí dáhùn. Kò lè wò ó. "Ọwọ́ rẹ ò sọ nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ilẹ̀kùn náà níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Kò ní kí wọ́n yọ ọ́ wá sílé fún òun. Ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo ayé, ló jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ. Kò mú àfọ́kù igbá dání. Igi tí a ti gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà. Inú nìkan ló kù tí ọ̀bẹ lè lọ. Ó gbẹ́ inú. Ó gbẹ́ ẹnu náà títí ó fi jìn bí ihò ẹyẹ. Ó rún iwájú orí, ó fa ọrùn yọ. Ó yí ẹyinjú Adérógbà padà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọjá, ó jẹ́ kí ó máa wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn pé lé e lórí gìrìgìrì.

"Ọnàwùmí," ni Lágbàyí oníyọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wí, "àṣé ìwọ náà a máa ṣi iṣẹ́ ṣe?"

"Mo ṣì í ṣe."

"Ò ń ba ibi tó ń dán jẹ́ o!"

"Ibi tó ń dán ló parọ́."

Lágbàyí fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ó wo ojú igi tó ń yọ jáde lábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí ọjà tún pé, àwọn amọ̀kòkò dé. Èyí tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀, ó gbójú sókè bó ṣe ṣe lọ́jọ́sí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ń pè é. Ẹ wò ó, ó ń pè é, kò gbọ́ mọ́." Kò sí ẹni tó sọ ìtàn kankan fún un.

Àyọ̀ká wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ó súnmọ́ ilẹ̀kùn náà, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi nu ojú igi náà, eruku igi ń ṣubú sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, láì dé gèlè padà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté níṣojú gbogbo ọjà, ó wọnú ọkọ̀ Ọdẹ́gbàmí láàárín ẹrù tó ti dì, ó jókòó.

"Ọmọ mi," ló wí, "tú ẹrù yìí, kí o tù mí sọdá. Iṣu Adérógbà ṣì wà lóko."

Baálẹ̀ fẹ́ da aṣọ bo Ọnàwùmí lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀ ọ́. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́," ló wí. "Ẹni tó da ẹrẹ̀ sí aláṣọ funfun lára, tó wá bá a fọ̀ ọ́, ṣé wọ́n ń yìn ín ni? Ọmọ náà ti fi ẹnu sọ fún mi kí n tó gbẹ́ ẹ tán."

Kò sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ti gbẹ́ sí ẹ̀bá odò Aràn ń wá sí i lọ́kàn, gbogbo ìyàwó, gbogbo ẹrú, gbogbo abiyamọ tí wọ́n ní ojú kan náà, kò sì mọ irọ́ tí èyíkéyìí nínú wọn ń pa mọ́ ẹlẹ́ran ara kan. Ó gbé àpò irinṣẹ́, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bẹ àwọn onílé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Àwọn kan gbà fún un. Àwọn mìíràn lé e, wọ́n ní arúgbó ti ń ṣe é, kó má ba ohun tó ń dán jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi yòówù kó dé, bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó fi ń la ẹnu igi tí kò lè sọ̀rọ̀, kì í gbé orí sókè. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn, àwọn àgbà tó gbọ́ ọ kò sì jẹ́ kó bọ́ sọnù. Òun ni wọ́n ń pa lówe títí dòní bí ọ̀rọ̀ bá díjú tí ọwọ́ kò lè tú u: Ojú lọ̀rọ̀ wà.